Ṣé dandan ni kí ojú alááwòrán wà lára ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà?

Bí ẹni tó ń gbé ní Ìṣẹrí Olowora bá tan kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó rà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni àwọn àwòrán kéékèèké tó ń fi máòsì tẹ̀ láti ṣí iṣẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àwòrán wọ̀nyí gan-an ni kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀, bí aṣọ kì í ti í ṣe ara, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í ṣe ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ náà.

Ètò ìpìlẹ̀ ló ń pín mẹ́mọ́rì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń tọ́jú fáìlì. Nígbà tí MS-DOS jáde lọ́dún 1981, kò ní ojú alááwòrán. Ńṣe lèèyàn ń tẹ àṣẹ sí i. Lọ́dún 1984 ni Apple gbé Macintosh alááwòrán jáde, nígbà tó sì di 1985, Windows àkọ́kọ́ dé, orí MS-DOS ló jókòó sí.

Àwọn tó ní kí àwòrán wà níbẹ̀ sọ pé oníṣòwò tó fẹ́ tẹ lẹ́tà kò ní àyè láti há àṣẹ sórí. Àwọn tó ta kò wọ́n ní àwòrán ń jẹ mẹ́mọ́rì, àti pé bí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ bá ṣe pọ̀ tó ni ihò tí olè lè gbà wọlé ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí Windows Server 2008 fi ní ẹ̀yà tí wọ́n dín ojú alááwòrán rẹ̀ kù, fún sáfà tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sídìí rẹ̀. Debian ní tirẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ bóyá ó fẹ́ àwòrán. Fún Debian 12, tó jáde lọ́dún 2023, wọ́n dámọ̀ràn mẹ́mọ́rì 512 MB bí kò bá sí àwòrán, àti 2 GB bó bá wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àpò aráàlú. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10. Windows 11 sì ń béèrè 4 GB, ó kéré tán, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Ẹni tó ra Windows fún ilé kò lè yọ àwòrán ibẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo Linux lè mú èyí tó fúyẹ́, bíi Xfce, kí ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ má baà di pàǹtí.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwòrán wà fún ẹni tó nílò rẹ̀, kó má sì jẹ́ dandan fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Kí èèyàn tó sanwó, kó kọ́kọ́ béèrè iye mẹ́mọ́rì tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ìwọ̀n eku, àwọn àgbà wí, nìwọ̀n ìtẹ́.