Láptọ́ọ̀pù Tí Kò Gba Ṣáájì: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Láti Ara Ògiri Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ohùn sọ lálẹ́ àná la tẹ̀ síbí, torí àwọn kan ní dátà àwọn ò gbé ohùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ ọjà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo so ṣájà mọ́ ọn, kò tàn. Orúkọ gbogbo àwọn tó jẹ mí ní gbèsè aṣọ láti ìgbà Iléyá ló wà nínú ẹ̀ o! Mo sáré gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún un ṣe. Kò tíì tú u, ó ní bọ́ọ̀dù ti jóná, kí n mú 45,000 náírà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ní, "Bọ̀dá, ẹ ní sùúrù ná." A yá ṣájà aládùúgbò tó ń lo irú ẹ̀, iná tàn! Wáyà ṣájà tèmi ló ti já nínú. 2,500 náírà ni mo fi ra òmíràn.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú ni pé iná ń rìn bí omi nínú páìpù. Láti ògiri, ó bọ́ sínú wáyà, ó dé orí ṣájà, ó gba ojú ihò wọlé, ó tó dé bátìrì. Ibi tó ti dúró ni ká wá.

Èkíní, ògiri. Ẹ fi ṣájà fóònù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n tí gbogbo ìsọ̀ jọ ń lò ni, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ so ó mọ́ ògiri tààrà.

Èkejì, ṣájà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi OUTPUT. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yá tàbí ra òmíràn, fóólítì gbọ́dọ̀ bára mu, bíi 19V tàbí 19.5V. Áńpíà lè jù ú lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Type-C, ṣájà fóònù 18W kò lè gbé láptọ́ọ̀pù tó ń fẹ́ 65W.

Ẹ̀kẹta, ojú ihò. Eruku ọyẹ́ máa ń dí i. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ ṣájà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kàn án o. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gba iná, ojú ihò ló ti mì. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó máa tún un ṣe, kó má fi bọ́ọ̀dù dẹ́rù bà yín.

Ẹ̀kẹrin, bátìrì. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀, ẹ ka oókan dé ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ tó so ó padà. Nígbà míì, ìyẹn nìkan ti tó. Tó bá ń dúró sí 60% tàbí 80%, ó lè má ṣàìsàn: ètò kan wà nínú ẹ̀ tó ń dáàbò bo bátìrì. Nígbà ooru Kánò náà, bátìrì tó bá gbóná jù lè kọ iná. Ẹ gbé e kúrò lórí aṣọ, kó tutù ná.

Ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá wú, tàbí ibi tẹ́ ẹ ń fìka fọ́wọ́ bá gbéra sókè, ẹ má so iná mọ́ ọn mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má fi í sílẹ̀ sáàárín aṣọ mọ́jú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó wú lè gbiná. Èmi kọ́ ló máa sọ ohun tí iná ń ṣe lọ́jà fún yín.

Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó tú u lójú yín. Kò nílò páásíwọ́ọ̀dù yín láti ṣe ṣájà.

Paríparí ẹ̀, ní àsìkò tí láptọ́ọ̀pù yín ṣì ń tàn, ẹ da ìwé gbèsè yín kọ sórí fláàṣì lónìí. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Onígbèsè ò ní rán yín létí o.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́, kó má gùn jù. Ọjà á tà.