Kí ẹ tó ra lúdò fún ọmọ ọdún mẹ́rin

Ìsinmi ilé-ìwé ti wọlé, ọ̀pọ̀ òbí ló sì ń wá ohun tí yóò gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Lúdò ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ rà. Mo rà á fún ọmọ tèmi náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 4. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi gbá gbogbo rẹ̀ dànù! Ohun tó bí i nínú ni pé ó ju dáìsì títí, kò rí 6 tí yóò fi mú síìdì rẹ̀ jáde, àwa yòókù sì ti ń lọ ní tiwa. Mo bá a wí lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé èmi tí mo ra eré tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ni mo jẹ̀bi.

Ẹ wò ó dáadáa. Ojú 6 ni dáìsì ní, ojú kan ṣoṣo ló sì ń ṣílẹ̀kùn. Àgbàlagbà lè fara da ìyẹn, ọmọ kékeré kò lè fara dà á. Tí lúdò bá ti wà nílé, ẹ yí òfin rẹ̀ padà: kí 1 náà máa mú síìdì jáde, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lo síìdì 2 dípò 4, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ọlọ́pàá lúdò tó máa mú yín.

Ẹ tún lè yí pátákó náà padà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ni eré ejò àti àkàbà wà, èyí tí a ń pè ní Snake and Ladder. Kò nílò ọgbọ́n kankan, dáìsì ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ ọdún 5 fi lè na bàbá rẹ̀ láìsí ojúsàájú. Ibi tó ti máa ń dojú rú ni pé ìlà kìíní lọ sápá ọ̀tún, ìlà kejì sì padà sápá òsì, títí dé 100. Ẹ fi ìka yín tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ tún ṣọ́ bó ṣe ń kà á: ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń pe ibi tí wọ́n dúró sí ní “ení”. Iwájú ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ọmọ ọdún 3 tàbí 4, ẹ kò tiẹ̀ nílò láti náwó. Ní 2008, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Geetha Ramani àti Robert Siegler, gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti ìdílé tí owó kò tó. Wọ́n fún àwọn kan ní eré tí nọ́ńbà 1 dé 10 tò sórí ìlà kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní irú ẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ nìkan. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n ta á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ta oní-nọ́ńbà sì mọ nọ́ńbà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà lè gé páálí, kí ẹ fa ilé 10 sí i, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ẹ fi ìdérí ìgò mínírà ṣe dáìsì: tó bá dojú bolẹ̀, 1, tó bá ṣíjú sókè, 2. Kí ọmọ máa pe nọ́ńbà náà síta bó ṣe ń rìn.

Ayò ńkọ́? Tiwa ni, ó sì dára gan-an. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ ọdún 4 kàn kọ́kọ́ máa pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan káàkiri. Ìyẹn gan-an ti jẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ẹ fi jíjẹ sílẹ̀ di ọdún 6 tàbí 7. Dráfù náà lè dúró dìgbà yẹn.

Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ gbójú fò rèé. Dáìsì, síìdì àti ọmọ ayò lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lọ́fun, wọ́n sì máa ń kì wọ́n bọ imú. Ẹ mú páálí tó máa ń ṣẹ́kù láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, kò yẹ kó wà nítòsí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ta ayò, kí ó ta á lórí tábìlì, kì í ṣe lórí ẹní tí àbúrò ti ń rá. Bí eré bá parí, ẹ kà á kí ẹ tó kó o sínú nylon: síìdì lúdò 16, ọmọ ayò 48. Bí ẹyọ kan bá dín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo abẹ́ àga kí èyí tó ń rá tó débẹ̀.