Ṣé O Mọ̀? Omi Òkè-Ògùn Pọ̀ Ju Bí A Ṣe Rò Lọ

Ṣé o mọ̀ pé nínú omi ẹ̀rọ ìjọba l'Ékòó, ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Ògùn ni púpọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá? Odò Ògùn, odò Yemọja, nítòsí Ṣakí ló ti ń sun. Ó gba inú igbó Ọ̀yọ́-Ilé, ó yọ sí ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn, ó la Abẹ́òkúta kọjá, kó tó forí lé ọ̀sà. Ní Akute ni ẹ̀rọ ti ń fà á lọ sí Ìjú àti Adíyàn, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń fi oògùn sí i. Adíyàn nìkan, tí wọ́n ṣí ní 1991, 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. A ò bá Èkó du omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lórísun odò, tó tún ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ há sí.

Ṣé o mọ bí omi tó wà lẹ́yìn dáàmù Ikere Gorge ní Ìṣẹ́yìn ti pọ̀ tó? Fojú inú wo tánkì dúdú onílítà 1,000 tó wà nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá lóde òní. Bí dáàmù yẹn bá kún, 690 mílíọ̀nù irú tánkì bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀. Ọdún 1983 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta. Èrò tí wọ́n fi dáwọ́ lé e dára: iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 6, omi tí yóò máa rin oko hẹ́kítà 12,000, àti omi ẹ̀rọ fún Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ìgànná àti àyíká wọn. Jẹ́ ká ṣírò. Bí 250,000 ènìyàn bá ń lo lítà 50 ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, dáàmù tó kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò tó wọn lò fún 150 ọdún, bí oòrùn kò bá fà nínú rẹ̀. Oòrùn ń fà á lóòótọ́, ó sì lè fà ju mítà kan lọ lójú omi láàárín ọdún kan, àmọ́ òjò a máa dá a padà. Nítorí náà, omi wà. Ọ̀nà tó ń gbà dé ẹnu ẹ̀rọ ni kò gún.

Ṣé o mọ̀ pé kárí ayé, omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ omi ti fà, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti náwó lé lórí, tó sì sọnù láìdi owó, lé ní 340 mílíọ̀nù tánkì dúdú yẹn lójoojúmọ́? Àwọn olùwádìí méjì, Liemberger àti Wyatt, ló gbé ìṣirò náà jáde ní 2019. Ọjọ́ méjì péré, Ikere Gorge odindi ti lọ. Apá kan ń jò sílẹ̀ láti ara páìpù tó ti gbó tàbí èyí tí katapílà fọ́ nígbà tí wọ́n ń la títì. Àwọn kan ń já omi lójú ọ̀nà láìgbàṣẹ. Ìyókù dé ilé oníbàárà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mítà ti kú, tàbí kò tilẹ̀ sí mítà rárá, bíìlì tí wọ́n mú wá kàn jẹ́ àfojúdá.

Omi tó ń sọnù báyìí kì í ṣe àìsàn òde òní. Ní ọdún 97, ọba Róòmù fi Frontinus ṣe olórí omi ìlú. Ohun tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wọn omi tó ń wọlé, ó sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Èyí tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì! Ó rí páìpù tí àwọn òṣìṣẹ́ omi fúnra wọn lu ihò sí lábẹ́ títì tí wọ́n fi ń ta omi ìlú. Ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí a ṣì ń kà.

Ṣé o mọ̀ pé láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru ni àwọn tó mọṣẹ́ fi ń wá ibi tó ń jò? Àsìkò náà ni gbogbo ìlú ti sùn, tí kò sẹ́ni tó ń fọṣọ, tí kò sẹ́ni tó ń wẹ̀. Bí mítà àdúgbò bá ṣì ń yí kíkankíkan ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, jíjò ló ń mu omi náà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa ti fáàfù pa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi mọ ọ̀nà tó jẹ̀bi. Ẹni tó fẹ́ mọ ojú ibẹ̀ gan-an yóò mú ọ̀pá gígùn kan dání, yóò fi ìdí rẹ̀ kan fáàfù tàbí páìpù, yóò sì fi etí lé orí rẹ̀. Omi tó ń jò a máa dún ṣìì lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀pá a sì máa gbé ohùn náà wá. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ti wà fún un, síbẹ̀ ọ̀pá yìí kò tíì kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Ṣé o mọ̀ pé fífi omi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ká tún tì í, kì í ṣe ọ̀nà láti ṣọ́ omi lò? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń lo omi ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Nígbà tí omi bá ń ṣàn, ó ń ti ara páìpù, nǹkan ẹlẹ́gbin kò lè wọlé. Bí wọ́n bá ti tì í, páìpù ṣófo, ojú ihò kan náà tí omi mímọ́ ń gbà jáde ni omi gọ́tà ń gbà wọlé. Bí omi bá tún dé, afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣáájú, mítà yóò máa ka afẹ́fẹ́ náà bí omi. Ìyàwó ilé tí kò mọ ìgbà tí omi yóò dé yóò ṣí ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀, yóò gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, yóò lọ sùn. Omi dé lóru, bàsíà kún, ó ṣàn lọ sínú gọ́tà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ta la fẹ́ bá wí? Ó fẹ́ rí omi lò ni.

Àìsí omi tó ṣeé mu, àwọn àgbà wa mọ ohun tó fi ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n ka sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, àwọn tó ń ṣe lé ní 650,000, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára ibi tó ti jà. Inú omi adágún tí a kò sẹ́ ló ti ń wọ ara. Kànga ẹlẹ́rọ, asẹ́ àti ìlanilọ́yẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ, títí àjọ ìlera àgbáyé fi fọwọ́ sí i ní 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ṣé kí olúkálùkù wá gbẹ́ bóhò tirẹ̀ ni? Orí àpáta líle ni Òkè-Ògùn jókòó lé. Inú àpáta tó ti rà àti inú ihò tó sán lára rẹ̀ nìkan ni omi ń fara pamọ́ sí. Wọ́n lè gbẹ́ ti lágbájá kó pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ti aládùúgbò rẹ̀ gbẹ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ owó gbígbẹ́ kan náà làwọn méjèèjì san, tí olúkálùkù tún ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo yìí, ṣé o mọ̀ pé láti gbé tánkì dúdú kan tó kún gun òkè mítà 100, iná tó gbọ́dọ̀ jẹ kò lè dín ní ìdámẹ́rin yúnìítì kan? Ẹ̀rọ gidi a tún máa jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìdajì omi bá wá jò dànù lójú ọ̀nà, iná ìlọ́po méjì la jó lórí èyí tó délé. Ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí adágún omi tó wà lórí rẹ̀ yóò mọ̀ pé omi tó bá ti wà lókè kò nílò ẹ̀rọ mọ́ láti sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí tánkì ńlá fi ń wà lórí òkè: kí wọ́n fa omi kún un nígbà tí iná bá wà, kó máa sọ̀ wọ ìlú nígbà tí iná bá lọ. Òkè kò sì wọ́n wa.

Ṣé o mọ ìlú tó yà mí lẹ́nu jù? Phnom Penh ni, olú ìlú Kàǹbódíà. Ogun ti ba ibẹ̀ jẹ́ kanlẹ̀. Ní 1993, nínú ọgọ́rùn-ún gálọ́ọ̀nù tí wọ́n bá fà, 72 ló ń sọnù. Wọ́n fi Ek Sonn Chan ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi náà. Ó fi mítà sí gbogbo ilé, ó pààrọ̀ páìpù, ó ń fún ará ìlú tó bá tú àṣírí olè omi lẹ́bùn. Ọ̀gágun kan yọ ìbọn sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé tirẹ̀, síbẹ̀ kò yẹ̀. Kó tó di 2010, ohun tó ń sọnù ti wálẹ̀ sí bíi 6 nínú ọgọ́rùn-ún, omi sì ń ṣàn tọ̀sán tòru. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní 2006.

Nítòsí wa níbí, Sẹ̀nẹ̀gà tún iṣẹ́ omi rẹ̀ tò ní 1996, ohun tó ń sọnù sì wálẹ̀ láti bíi 32 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Adágún Guiers, tó jìnnà sí Dakar ju 200 kìlómítà lọ, ni wọ́n ti ń fi páìpù fa púpọ̀ nínú omi ìlú náà. Ikere Gorge sí Ìṣẹ́yìn kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ ló wà. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń kán tó! tó! tó! ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lè da nǹkan bíi 10,000 lítà nù lọ́dún, tánkì dúdú mẹ́wàá gbáko. Lálẹ́ òní, ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ ilé rẹ pa, kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀ kó o tó sùn, kó o sì tún un wò láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu omi. Bí o kò bá ní mítà, fi ṣọ́ọ̀kì fàlà síbi tí omi dé nínú dúrọ́ọ̀mù tó ń bọ́ ẹ̀rọ ilé rẹ. Bí nọ́ńbà bá ti yí, tàbí tí omi bá ti fà kúrò lójú ìlà, páìpù kan ń jò, kó o ránṣẹ́ sí pùlọ́ńbà.