Bàálù Alápá Onípele Méjì: Bí Fífẹ̀ Pùláànù Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Ẹrù

Nígbàkigbà tí ìròyìn bá jáde pé ọ̀dọ́ kan ní Nàìjíríà ti fi páálí àti fóòmù kọ́ bàálù kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí, mọ́tò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń pinnu bóyá bàálù yóò fò dáadáa ni ìwọ̀n ẹrù tí apá rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ ọ láti inú ìwé ìròyìn ti máa ń bàjẹ́.

Ìwé ìròyìn bíi Model Airplane News ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, àti Aeromodeller ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ti tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ pùláànù jáde. Ojú ìwé kò gba àwòrán ńlá, nítorí náà wọ́n máa ń dín in kù, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ tún fẹ̀ ẹ́ padà. Ewu wà fún ẹni tó bá fẹ̀ ẹ́ kọjá ìwọ̀n tí ayàwòrán ní lọ́kàn.

Ká ní apá méjèèjì bàálù alápá onípele méjì kan, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní 10. Ojú apá lápapọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 1,200. Bí bàálù náà bá wọn gíráàmù 300, gíráàmù 25 ló kan sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ojú apá yóò di 4,800, ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n igi ti gùn sí i, ó ti fẹ̀ sí i, ó sì ti nípọn sí i, nítorí náà ìwọ̀n bàálù yóò di gíráàmù 2,400, ìlọ́po mẹ́jọ. Ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan wá ń gbé gíráàmù 50. Bàálù tí eré kìlómítà 30 ní wákàtí tó láti gbé dúró tẹ́lẹ̀ yóò nílò bíi 42, eré yẹn náà ló sì máa fi balẹ̀.

Pé bàálù ní apá kejì kò yanjú ìṣòro ẹrù yìí tán. Afẹ́fẹ́ máa ń tẹ abẹ́ apá òkè, ó sì máa ń fẹ́rẹ̀ lórí apá ìsàlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá sún mọ́ra, wọn a máa dí ara wọn lọ́wọ́. Àǹfààní wọn ni pé wọ́n fúnni ní ojú apá púpọ̀ láìgùn, òpó àti wáyà tó so wọ́n pọ̀ sì ń mú kí wọ́n lágbára. Ìdí nìyẹn tí irú rẹ̀ fi gbilẹ̀ láyé àtijọ́: DH.9A, irú bàálù ológun Gẹ̀ẹ́sì tó balẹ̀ sí Kano ní 1925, alápá onípele méjì ni.

Ohun èlò náà ń dá kún ìwọ̀n bàálù. Ní Kabba àti àwọn ìlú Okun yòókù ní Ìpínlẹ̀ Kogi, balsa, igi fífúyẹ́ tí pùláànù wọ̀nyí sábà ń béèrè, kì í ṣe ohun ọjà ojoojúmọ́. Fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n wà, ọparun wà, ọ̀pá ògùrọ̀ náà wà. Ó jọ pé inú ọ̀pá ògùrọ̀ tó gbẹ dáadáa yóò wúlò fún egungun apá, kí ọparun tín-ínrín ṣe òpó. Síbẹ̀, ọ̀kan lè wúwo ju èkejì lọ, nítorí náà òṣùwọ̀n ni kó ṣe ìdájọ́.

Ojú ibi tí bàálù ti ń dúró ṣinṣin lórí ìka kò le bẹ́ẹ̀: ó ń yí padà ní déédéé pẹ̀lú àwòrán. Bí ìrù bá wúwo jù, bàálù kò ní ṣeé darí. Sísún bátìrì síwájú ló máa ń tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́ ọ ní ìwọ̀n tí ayàwòrán kọ, kí ó sì wọn gbogbo ẹ̀yà kó tó lẹ̀ ẹ́. Kí ó tó fò ó, kí ó béèrè ìlànà lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, kí ó sì sọ fún àwọn aláṣẹ ìlú àti ọlọ́pàá. Ní agbègbè tí ìjínigbé ti ń dẹ́rù ba ará ìlú, ohun tó ń fò láìsí ìkéde lè dá ìpayà sílẹ̀.