Ajá Ilé àti Abẹ́rẹ́ Dókítà

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe fi rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ya Ojowo, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Orúkọ ìlú náà ti sọ bí ó ti rí: ìlú igbó ni, ọdẹ kì í sì í wọ́n ní ìlú igbó. Níbi tí ọdẹ bá wà, ajá wà níbẹ̀. Ajá ọdẹ a máa wọ inú igbó dúdú lóru, a máa lé ọ̀yà, ẹ̀rù kì í bà á. Ṣùgbọ́n ẹ mú akọni yìí dé iwájú dókítà ẹran, kí dókítà yọ abẹ́rẹ́. Kíá ni yóò ki ìrù bọ àárín itan, yóò máa gbọ̀n, yóò sì fẹ́ ge ẹni tí ó dì í mú jẹ. Olówó rẹ̀ yóò ní, "Ajá tèmi kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́," yóò sì fà á padà sílé. Ọdún yóò yípo, ajá náà kò ní gba nǹkan kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, orúkọ rẹ̀ sì ni digbòlugi. Inú itọ́ ajá tí ó ní àrùn yìí ni àrùn náà ń gbé. Bí ajá náà bá bu ènìyàn jẹ, àrùn á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, á tọ iṣan lọ sí ọpọlọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó kó o, nǹkan bí 99 ni ó ti ara ajá kó o. Nínú 100 ènìyàn tí ajá tí a fura sí bù jẹ, 40 ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ṣùgbọ́n bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn mọ́. Nítorí náà, ajá tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun, ọ̀ràn gbogbo àdúgbò ni.

Kí ló dé tí ajá fi ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀? Ọ̀mọ̀wé kan wà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Ivan Pavlov ni orúkọ rẹ̀, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904. Ó ṣàkíyèsí pé itọ́ a máa dà lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé, bí ajá náà bá ti gbọ́ ìró tí ó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ajá a máa so ohun méjì pọ̀ mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ nìkan ni a ń gbé ajá gun ọ̀kadà, ọ̀kadà fúnra rẹ̀ ti di abẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹran ló máa ń rí níbẹ̀, yóò fi ìdùnnú gùn ún. Iṣẹ́ tiwa ni láti yan ohun tí ajá yóò so pọ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tí a bí ọmọ ajá ni orí rẹ̀ ń ṣí jù. Ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ìró odó, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá àti òjò lórí páànù. Ẹ jẹ́ kí ó rí arúgbó tí ń tẹ ọ̀pá àti ẹni tí ó wọ aṣọ funfun bí ti dókítà. Ẹ jẹ́ kí nǹkan náà jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ. Bí ó bá sá sẹ́yìn, ẹ má fà á. Ẹ sún nǹkan náà jìnnà sí i. Àgbà ajá náà lè kọ́ ọ, sùúrù rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Ẹ sì máa fọwọ́ kàn án nílé. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo etí rẹ̀, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú díẹ̀, ẹ yọ eégbọn rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ẹran bíńtín. Ẹ jẹ́ kí okùn ọrùn mọ́ ọn lára ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ jí lọ kí oòrùn tó mú. Ẹ dúró lábẹ́ igi, ẹ jìnnà sí àwọn ajá yòókù. Ẹ dúró níbi orí rẹ̀, ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ń yán láìtòògbé, tí ó ń lá ètè, tí ó ń fi ẹyinjú funfun wò yín, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ó bá ń kùn, ẹ má lù ú: ìkìlọ̀ ni ó ń ṣe, ajá tí a bá sì lù nítorí ìkìlọ̀ lè bu ènìyàn jẹ láìkìlọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ̀rù rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú. Oògùn wà tí ó lè fi mú ara rẹ̀ balẹ̀.

Ti oògùn oníhóró ńkọ́? Ẹ wá òkèlè ẹ̀bà mẹ́ta tí a fi ẹran sí. Ẹ fún un ní èkínní lásán, ẹ fi oògùn sínú èkejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rí ẹ̀kẹta lọ́wọ́ yín, kí ó lè kánjú gbé èkejì mì. Ẹ bi dókítà bóyá oògùn náà ṣe é fi oúnjẹ gbé mì, kí ẹ má sì lọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ajá ní oògùn ara-ríro tiyín. Ó lè pa á.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ajá bá bù yín jẹ, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìbáwí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi epo tàbí ewé sí i, kí ẹ sì sọ fún àgbà kí ó mú yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni Ọjọ́ Digbòlugi Lágbàáyé, ó sì jẹ́ àyájọ́ ikú Louis Pasteur, ẹni tí ó kọ́kọ́ fún ọmọ ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àrùn yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1885. Ẹ má dúró di ọjọ́ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, pẹ̀lú ẹran bíńtín àti ọwọ́ jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ní ajá tí ó rí ènìyàn lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Bí ó bá rí yín lẹ́yìn, yóò gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú.