Omi Ló Kàn, Kì Í Ṣe Ìtọ̀

Ní ọjà Sandgrouse ní Erékùṣù Èkó, níbi tí wọ́n ti ń lọ ata, tí wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja, tí wọ́n sì ń fi bíliṣì fọ ìsọ̀, nǹkan kì í pẹ́ ta séèyàn lójú. Bí bíliṣì tàbí símẹ́ǹtì bá ta séèyàn lójú, omi tó mọ́ ni ká máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, ká tó wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dán. Àwọn kan á ní ìtọ̀ ló wo ojú bàbá àwọn sàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ojú tó pọ́n ló ń sàn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ lè gbé kòkòrò àtọ̀sí wọ ojú, ìyẹn sì lè dá ẹyinjú lu láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kẹ́míìsì lòun ti ra oògùn tòun. Èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú jù. Oògùn àkánsójú tó ní stẹ́rọ́ọ̀dù máa ń mú kí pípọ́n ojú rọlẹ̀ kíákíá, onítọ̀hún á sì rò pé ó ti bùṣe. Àmọ́ bí ìpẹ́ bá ti ha ojú, tí kòkòrò èbu wọ ọgbẹ́ náà, ńṣe ni oògùn yẹn ń fún èbu náà lágbára. Dókítà ojú ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ kán aró aláwọ̀ ọsàn kan sójú, á tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, ọgbẹ́ náà á sì yọ ní àwọ̀ ewé, kó tó kọ oògùn.