Bí A Bá Gbé Jíìpù Ga, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Rọ́bà Bíréèkì Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ohun tí a fi ojú ara wa rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì kan ní àdúgbò Keteren Gwari.

Ọmọ ilé wa kan gbé Hilux rẹ̀ wá síbẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà ga fún un níbòmíràn, tí wọ́n ki irin sábẹ́ sípírìngì, tí wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì tuntun tó gùn sí i. Ó ní bíréèkì rẹ̀ ti ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé kí wọ́n ṣáà bá òun rọ ọ́ìlì kún un. Mẹ́káníìkì náà, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, kò rọ ọ́ìlì kankan. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè títí táyà méjèèjì fi rọ̀ dirodiro, ó sì pè wá pé ká wá wò ó. Rọ́bà bíréèkì tó ti ara ọkọ̀ wá sí irin ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ti le gan-an bí awọ ìlù. Ọ́ìlì ti ń sun ní ibi tí irin ẹnu rẹ̀ ti di rọ́bà mú. Mẹ́káníìkì náà wo ẹni tó ni ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ní ẹ fẹ́ gbé ìyá lọ sílé?" Ọkùnrin náà ní ọ̀la ni. Gbogbo wa dákẹ́.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ ga. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú yìí mọ ohun tí ọ̀nà Minna sí Bida fi ojú wa rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń lọ ra iṣu àti àgbàdo ní àwọn abúlé Shiroro àti Paikoro mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí bí òjò bá ti rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò sílé kì í ṣe kékeré fún wa: ká ti ibí dé Bida, ká dé Mokwa, ká tó rí Jẹ́bà, ká tó máa retí Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Jíìpù tó ga kì í fi inú wọ́lẹ̀ nínú kòtò. Èyí yé wa. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ wa ni pé, bí a bá gbé nǹkan kan ga lára ọkọ̀, ohun tó so mọ́ ọn ní láti gùn tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Ìjánu ni ọ̀pọ̀ àgbà ń pe bíréèkì, orúkọ náà sì bá a mu. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti ọ́ìlì tó wà nínú másítà bíréèkì, ọ́ìlì náà á sì gba inú páìpù irin kọjá lábẹ́ ọkọ̀ lọ síbi táyà. Ṣùgbọ́n páìpù irin kò lè máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn lójoojúmọ́ kó má kán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi rọ́bà sí ibi tí táyà ti ń lọ sókè sódò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ti wọn gígùn rọ́bà yìí mọ gíga tí ọkọ̀ ní nígbà tí wọ́n ṣe é. Bí a bá wá fi íńṣì méjì tàbí mẹ́ta kún gíga náà, rọ́bà kò ní tìtorí ìyẹn gùn sí i. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ lè máà rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí táyà bá bọ́ sínú kòtò, tí irin ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ tán, rọ́bà ni yóò máa fà á mọ́ra. Bó bá fà á lónìí, tó fà á lọ́la, lọ́jọ́ kan yóò já.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí iṣẹ́ rélùwéè gbé wá sí Minna, níbi tí ọ̀nà irin tó ti Èkó wá ti pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano, tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti Èkó dé Kano ní 1912. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé rọ́bà bíréèkì wà láàrin wágọ́nù kan sí èkejì. Bí ìyẹn bá já, bíréèkì á di ẹsẹ̀ gbogbo wágọ́nù mú fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin á sì dúró. Ti jíìpù wa kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa bá já, ọ́ìlì á dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì wọlẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ òde òní ní ọ̀nà méjì tí ọ́ìlì ń gbà, kí ọ̀kan lè kù bí èkejì bá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn àti ọmọ nínú ọkọ̀, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́kàn lé.

Kí ni kí ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ ga wá ṣe? Ọjọ́ kan náà tó ń ra sípírìngì ni kó ra rọ́bà bíréèkì tó gùn. Nígbà mìíràn, tí ọkọ̀ kò bá ga púpọ̀, wọ́n lè sọ irin tó di ẹnu rọ́bà mú mọ́ ara ọkọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó lè sinmi. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni kí wọ́n fa páìpù irin kó lè dé ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà epo so ó, kí wọ́n sì fi kílíìpù dè é. Bí a bá tẹ bíréèkì gidi, agbára tó wà nínú rọ́bà yẹn lè ju ti afẹ́fẹ́ inú táyà lọ ní ìlọ́po 20. Rọ́bà tuntun ni kó jẹ́, kì í ṣe tòkúnbọ̀, kí orúkọ ẹni tó ṣe é sì hàn lára rẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ má tíì san owó. Ẹ ní kí wọ́n gbé ara ọkọ̀ sókè, kí wọ́n fi irin tó dúró gírí tì í lábẹ́, kí táyà rọ̀ dé ibi tó lè rọ̀ dé. Rọ́bà kò gbọdọ̀ le, kò gbọdọ̀ lọ́, kò sì gbọdọ̀ kan táyà. Kí wọ́n yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ tún wo ti iwájú. Ẹ wo wáyà ABS pẹ̀lú, nítorí òun náà ń bá táyà rìn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹlòmíràn máa wò bóyá ibì kan ń sun. Bí wọ́n bá tú kálípà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó rọ̀ mọ́ rọ́bà. Kí wọ́n fi wáyà so ó kọ́.

Ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ kọ sára ìdérí ni kí a lò, yálà DOT 3 tàbí DOT 4, kí wọ́n sì yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀, ọ́ìlì kì í fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí bíréèkì tó ní afẹ́fẹ́ nínú fi ń rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń ba rọ́bà inú másítà jẹ́. Omi ọṣẹ tí àwọn kan ń rọ sí i máa ń hó bí bíréèkì bá gbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Hilux kó ẹrù, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so irin ẹ̀yìn mọ́ ohun tó ń pín agbára bíréèkì. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ sílẹ̀, irin náà á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn lágbára sí i. Bí a bá gbé ọkọ̀ ga tí a kò tún irin yìí tò, yóò máa rò pé ọkọ̀ ṣófo nígbà tí ẹ kó iṣu kún un. Bíréèkì iwájú nìkan ni yóò máa ṣe wàhálà, ọkọ̀ kò sì ní tètè dúró.

Bí ẹsẹ̀ bá sì wọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, ẹ fi jíà fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á lójijì, kí ọkọ̀ má baà yí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní mẹ́káníìkì ló jẹ̀bi. Àwa náà ń jẹ̀bi. A ń ná owó rẹpẹtẹ sórí sípírìngì àti táyà tó tóbi, tó bá ku rọ́bà, a ó ní, "Ṣáà fi ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, yóò ṣe é." Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè yẹ táyà àti iná wò; kò lè máa sùn sábẹ́ ọkọ̀ wa lójoojúmọ́. Ẹni tó ra ẹṣin tó ga, tó wá ń ṣahun owó ìjánu, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọ̀gá oní-Hilux kò lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta ni rọ́bà tó gùn tó dé, ìyá rẹ̀ sì bínú díẹ̀ pé ọjọ́ ti yẹ̀. Wọ́n délé láyọ̀, ó sì pè wá láti Ọ̀fà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ọkọ̀ yín ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tún rìn. Ọ̀nà á gbà wá o.